Ògbufọ̀

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi dúró
láàrin àpótí ẹlẹ́rìí àti tábìlì adájọ́
ní kóòtù kan l'Óṣogbo, níbi tí fáànù ń ké bí ẹni tí inú ń run.
Yorùbá á gba etí mi wọlé,
Gẹ̀ẹ́sì á gba ẹnu mi jáde.
Èmi kọ́ ni mo jalè, èmi kọ́ ni wọ́n jà lólè.
Ẹnu lásán ni mo jẹ́.

Ìyá Ṣìfáwù tí ń ta kẹrosíìnì ní Alékúwodò
bọ́ sínú àpótí, ó fọwọ́ lé Kùráánì, ó ní:
"Iná ti lọ. Mo gbọ́ kẹ̀rẹ̀. Mo yọjú.
Ó gba ojú fèrèsé wọlé,
ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó owó àjọ,
ó wò mí, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ."

Ó márùn-ún. Mo kà wọ́n lórí ibùsùn lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó roboto bí ẹnu ìkòkò,
kò ní irùngbọ̀n, kò ní ọmú,
ẹnikẹ́ni lè gbabẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí èèyàn kọjá lẹ́nu ibodè
àfi tó bá kọ́kọ́ yẹ abẹ́ aṣọ rẹ̀ wò.
Hii ni àbí ṣii?
Bírò adájọ́ dúró lókè, ó ń retí mi.
Mo bojú wo àgọ́ ẹlẹ́jọ́:
Mùkáílà ló dúró níbẹ̀, ọmọṣẹ́ káfíńtà,
ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀.
Mo ní hii.
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo sọ ọ́.
Bírò ń sáré lọ.
Oṣù méjìdínlógún.

Lọ́dún Iléyá tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, Tiwalọlá,
ti yunifásítì dé, ó jókòó tì mí lórí pèpéle,
ó ní, Bàbá àgbà, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀rọ̀
tí kì í bèèrè akọ, tí kì í bèèrè abo;
déè ni wọ́n ń pe ẹnìkan ṣoṣo báyìí.
Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi.
Déè! Ṣé "wọ́n" tiwa náà kọ́,
tí mo fi ń pe ìyá mi nìkan ṣoṣo:
wọ́n ti jí, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ní kí n wá jẹun?

Tiwalọlá ní, Ẹ̀yin náà ń bèèrè nǹkan nígbà náà.
Kí là ń bèèrè?
Ẹ ò bèèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ,
ẹ̀ ń bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ dáyé.

Mo dákẹ́. Èmi náà ti fi "ó"
ṣí fìlà lórí ẹni tí n ò fẹ́ràn rí.
Ibodè wà lọ́dọ̀ tiwa náà,
ọjọ́ orí ni ìwé ìrìnnà.
N ò sọ ti Mùkáílà fún un.

Lọ́jọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí Alékúwodò.
Ìyá Ṣìfáwù (mo ti ń pè wọ́n ní wọ́n báyìí)
ti darúgbó, ẹsẹ̀ wọn wú,
kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì ti di kẹ́ẹ̀gì omi.
Mo ní, Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé lọ́jọ́sí,
ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?
Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo owó tí wọn ò ná mọ́.
"Òkùnkùn ni. Aṣọ ni mo rí lórí, bóyá gèlè, bóyá láwàní.
Ṣebí ìwọ lo mọ̀? Ìwọ lo sọ fún adájọ́.
Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé. Iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò.
Ẹnìkan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ru nǹkan,
ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.
Mo ya ẹnu, mo tún pa á dé.
Ó kọjá.